Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìrìnnà Ìsọfúnni Nínú Chip Kọ̀ǹpútà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìtumọ̀ tí wọ́n sábà ń fún òwe yìí ni pé bí ọ̀nà kan bá dí mọ́ ènìyàn, kí ó wá òmíràn. Ọjà Igbó-Ọrà fi ìtumọ̀ kejì hàn, èyí tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́lùbọ́ tó ń ti Igangan bọ̀ á gba Ìdèrè wọlé. Ẹni tó ti Abẹ́òkúta wá á gba ìhà gúúsù. Ará Èrúwà náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní láti gbà, ìwọ̀n ọ̀nà yẹn ni yóò di ìwọ̀n ọjà, bó ti wù kí ìsọ̀ pọ̀ tó.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni nínú chip kọ̀ǹpútà. Ní 1996, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kúnlé Olukotun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé dípò ọpọlọ ńlá kan, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò, ó sàn kí a to ọpọlọ kéékèèké bíi mélòó kan sórí chip kan. Ilé-iṣẹ́ tí òun àti àwọn mìíràn dá sílẹ̀ ní 2000 ń jẹ́ Afara Websystems. Afárá tí Yorùbá mọ̀ náà ni. Orúkọ náà bá iṣẹ́ mu. Sun Microsystems ra ilé-iṣẹ́ yìí ní 2002, nígbà tó sì di 2005, iṣẹ́ wọn jáde bí UltraSPARC T1, tí wọ́n tún ń pè ní Niagara: ọpọlọ mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bójú tó iṣẹ́ mẹ́rin papọ̀.

Bí ọpọlọ mẹ́jọ bá ń pín ọ̀nà wáyà kan lò, bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, méje yóò dúró. Nínú Niagara, ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tó já sí gbogbo àká ìsọfúnni mẹ́rin tó wà lórí chip náà. Àpapọ̀ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí lè gbé ju gígábáìtì 200 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹrù ìsọfúnni méjì bá pàdé lẹ́nu àká kan, èyí tó ti pẹ́ jù lórí ìlà ló ń kọ́kọ́ wọlé, kò sí pé wọ́n ń rẹ́ ẹnì kan jẹ.

Ṣùgbọ́n irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fẹ̀ títí. Ọ̀nà mẹ́jọ tó dábùú mẹ́jọ ní ìkóríta 64; 64 tó dábùú 64 ní 4,096. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà William Dally àti Brian Towles fi dábàá ní 2001 pé kí ẹrù máa ti oríta kan bọ́ sí òmíràn. Chip kan tó ń jẹ́ TILE64, tó jáde ní 2007, to ọpọlọ 64 ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, oríta kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, ìṣísẹ̀ 14 ni.

Ohun méjì ni wọ́n fi ń díwọ̀n irú ọ̀nà yìí: bí ẹrù kan ṣe pẹ́ tó lọ́nà, àti iye ẹrù tó ń gúnlẹ̀ láàárín àkókò kan. Ẹni tó bá wọn ọ̀nà ọjà lóru, tí kò sí èrò, kò tíì wọn nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún ẹrù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdádúró kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Lẹ́yìn náà, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní oríta, títí ìdádúró yóò fi fò sókè lójijì, tí iye tó ń gúnlẹ̀ kò sì ní pọ̀ sí i mọ́. Ibẹ̀ ni agbára ọ̀nà náà pin sí. Bí gbogbo ọpọlọ bá sì dojú kọ àká kan ṣoṣo, ìdíwọ́ yóò tètè dé, bí ọ̀nà yòókù tilẹ̀ ṣófo. Kódà nígbà tí ẹrù bá ń lọ síbi gbogbo bákan náà, àwọn ọ̀nà tó la àárín chip kọjá ló kọ́kọ́ ń dí. Ti ẹ̀gbẹ́ kì í kún tó wọn.