Jẹ́látìn, Kọ́lájìn àti Awọ Ẹja: Àyẹ̀wò Ìtàn Àǹfààní àti Ewu Wọn gẹ́gẹ́ bí Oúnjẹ

Ìfáàrà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún ìmọ̀ awọ ní Zaria dá a lábàá pé kí ìjọba ṣe òfin tí yóò de jíjẹ pọ̀nmọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìdí méjì ni wọ́n tẹnu mọ́. Èkíní ni pé awọ tí ó yẹ kí ó di bàtà àti báàgì ń parí sínú ìkòkò ọbẹ̀. Èkejì ni pé pọ̀nmọ́ kò ní èròjà aṣaralóore kankan nínú. Ọ̀rọ̀ náà di awuyewuye láti inú ọjà dé orí rédíò. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ní àsìkò kan náà, àwọn ilé ìtajà oògùn ní àwọn ìlú ńlá wa ń ta lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi awọ àti ìpẹ́ ẹja ṣe ní owó gọbọi. Kọ́lájìn inú òkun ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ó ń mú awọ ara jọ̀lọ̀, ó ń dín ìrora oríkèé kù, èékánná kì í sì í ṣẹ́ mọ́. Ohun kan náà ni ó pọ̀ jù lọ nínú awọ màlúù àti awọ ẹja wọ̀nyí. Bí ọ̀kan kò bá ní àǹfààní kankan, báwo ni èkejì ṣe wá di oògùn ẹwà?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń bi ara wọn. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé láti ìgbà dé ìgbà, àwọn tí ó ń ṣe kọ́lájìn jáde ni ó kọ́kọ́ ń ròyìn bí ó ti níye lórí tó, ìgbà tí ẹni tí kò jẹ èrè nínú rẹ̀ bá sì wọ̀n ọ́n wò ni òdiwọ̀n gidi ń jáde.

Ohun tí kọ́lájìn jẹ́

Kọ́lájìn ni purotéènì tí ó pọ̀ jù lọ nínú ara ènìyàn àti ti ẹranko elégungun. Òun ni ó mú kí awọ yi, kí iṣan tí ó so ẹran-ara mọ́ egungun má tètè já, kí egungun pàápàá má sì fọ́ bí amọ̀ gbígbẹ. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó dúró fún àtè, ohun tí a fi ń lẹ nǹkan, ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Ẹni tí ó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù rí mọ ìdí rẹ̀: bí ó bá pẹ́ lórí iná, omi rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, bí ó bá sì tutù, yóò dì. Ohun dídì yìí ni jẹ́látìn. Bí wọ́n bá tún gé jẹ́látìn sí wẹ́wẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní dì mọ́. Yóò kàn yòrò sínú omi ni. Irú èyí ni ó wà nínú àwọn agolo tí wọ́n ń tà lóde òní.

Ní ọdún 1954 ni G. N. Ramachandran àti Gopinath Kartha, ní ìlú Madras ní ilẹ̀ Íńdíà, ṣàlàyé pé okùn mẹ́ta tí ó lọ́ mọ́ra wọn ni kọ́lájìn. Ara kò lè hun okùn yìí kí ó le dáadáa láìsí fítámì C. Ìdí nìyí tí erìgì àwọn atukọ̀ òkun àtijọ́ tí kò rí èso jẹ fi ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ọgbẹ́ wọn tí ó ti jinná sì tún ń là padà. Kọ́lájìn wọn ni ó ń tú. Ọsàn àti òroǹbó ni ó wò wọ́n sàn, kì í ṣe awọ ẹran.

Ìkòkò Papin àti ọbẹ̀ àwọn aláìní

Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ń gbé ní London, ni ó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yìí wọ agbo àwọn onímọ̀. Ní ọdún 1679 ó fi ìkòkò irin kan han ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Royal Society. Ìdérí rẹ̀ dè pinpin débi pé èéfín omi kò lè jáde, ooru inú rẹ̀ sì ju ti omi híhó lásán lọ. Òun ni baba ńlá pírẹ́ṣà pọ́ọ̀tù tí a ń fi se ẹ̀wà lónìí. Egungun tí ajá pàápàá kò lè fọ́ ń rọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1682, John Evelyn kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun jẹ oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n fi ìkòkò náà sè. Èrò Papin ni pé egungun tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń dà nù lè di oúnjẹ fún tálákà.

Èrò yìí ni ó tún jí ní ilẹ̀ Faransé lẹ́yìn ìdojú-ìjọba-dé ọdún 1789, nígbà tí ebi pọ̀ láàrin ìlú. Antoine Cadet de Vaux polówó omi egungun gẹ́gẹ́ bí ọbẹ̀ àwọn aláìní. Jean-Pierre-Joseph d'Arcet wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi ásíìdì àti ooru omi yọ jẹ́látìn púpọ̀ láti inú egungun. Láìpẹ́, àwọn ilé ìwòsàn ní Paris, títí kan ilé ìwòsàn Saint-Louis, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọbẹ̀ jẹ́látìn bọ́ àwọn aláìsàn dípò ọbẹ̀ ẹran. Owó tí wọ́n ń ná lórí oúnjẹ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń jẹ ẹ́ ń kùn. Wọ́n ní ọbẹ̀ náà kò dùn, kò sì yó àwọn.

D'Arcet kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ìgbà ayé rẹ̀ ni ó gbà gbọ́, pé oúnjẹ tí náítírójìn bá ti pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń ṣe ara lóore. Náítírójìn sì pọ̀ nínú jẹ́látìn. Ibi tí ó ti kọsẹ̀ ni pé ó fi ohun tí ó wà nínú oúnjẹ wọn oúnjẹ, kò fi ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ wọ̀n ọ́n.

François Magendie ni ó ṣe ìyẹn. Láti ọdún 1816 ni oníṣègùn yìí ti ń fún ajá ní irú oúnjẹ kan ṣoṣo, bíi ṣúgà tàbí òróró, tí ó sì ń ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe ń rù títí wọ́n fi ń kú. Nígbà tí ariyanjiyan lórí ọbẹ̀ jẹ́látìn le, Àkádẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé yan ìgbìmọ̀ kan láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó tó bí ọdún mẹ́wàá kí ìgbìmọ̀ náà tó jábọ̀ ní ọdún 1841, Magendie sì ni ó kọ ìjábọ̀ náà. Àwọn ajá tí wọ́n fún ní jẹ́látìn nìkan jẹ ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn yàn láti gbààwẹ̀ dé ojú ikú dípò kí wọ́n fi ẹnu kàn án. Wọ́n tilẹ̀ ra irú jẹ́látìn aládùn tí àwọn alápatà ẹlẹ́dẹ̀ ń ṣe ní Paris fún wọn. Àwọn ajá náà kọ́kọ́ fi ìgbádùn jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi sú wọn, wọ́n sì kú. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, àwọn tí wọ́n fún ní egungun tútù tí wọn kò sè kò ní ìṣòro. Ìgbìmọ̀ náà sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé jẹ́látìn nìkan kò lè gbé ẹ̀mí ró.

Ìdí rẹ̀ kò hàn títí di ọdún 1901, nígbà tí Frederick Gowland Hopkins àti Sydney Cole, ní Cambridge, ya èròjà kan tí ó ń jẹ́ tryptophan sọ́tọ̀. Ó wà lára àwọn bíríkì tí a fi ń mọ purotéènì, ara ènìyàn kò sì lè dá a ṣe. Inú oúnjẹ ni ó gbọ́dọ̀ ti wá. Kò sí i nínú kọ́lájìn rárá, ìbáà jẹ́ ti màlúù tàbí ti ẹja.

Ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́ wà níhìn-ín. Ẹni tí ó ní kò sí èròjà kankan nínú rẹ̀ sọ àsọdùn, nítorí purotéènì ni. Ẹni tí ó ń fi í sínú ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí kò pàdánù ohunkóhun, nítorí ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí ní tryptophan tí pọ̀nmọ́ kò ní. Ìyá tí ó bá ń fi pọ̀nmọ́ rọ́pò ẹyin, ẹja àti ẹran nínú àwo ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Magendie ń bá wí.

Àwọn obìnrin ọdún 1977

Ẹ̀kọ́ ọdún 1841 kò pẹ́ di ohun ìgbàgbé. Ní ọdún 1976, Robert Linn, oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde lórí bí ènìyàn ṣe lè fọn. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó sanra jù yàgò fún oúnjẹ, kí ó sì máa mu purotéènì olómi tí wọ́n ń pè ní Prolinn. Awọ, iṣan àti ìyókù ẹran láti ilé ìpẹran ni wọ́n fi ṣe é. Kọ́lájìn gígé ni, wọ́n kàn fi adùn àti àwọ̀ sí i ni. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe irú tiwọn, ó sì wà lórí igbá láìsí ìwé dókítà.

Nígbà tí ọdún 1977 fi máa parí, ikú tí wọ́n ti fi tó ìjọba létí pé ó tẹ̀lé lílo irú omi bẹ́ẹ̀ ti lé ní àádọ́ta. Àwọn oníṣègùn yẹ mẹ́tàdínlógún wò dáadáa nínú àwọn tí ó kú. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin tí kò tíì darúgbó. Ọkàn wọn ni ó ń lù ségesège títí ó fi dákẹ́. Àríyànjiyàn wà lórí ohun tí ó pa wọ́n gan-an: àwọn kan ní àìtó pòtásíọ̀mù àti àwọn èròjà bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní ebi lásán ni, àwọn mìíràn sì di ẹ̀bi ru purotéènì tí kò pé náà. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ jọ lọ́wọ́ sí i. FDA, àjọ tí ó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, wá ní dandan ni kí ìkìlọ̀ wà lára irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé kọ́lájìn jẹ́ májèlé. Síbí kan rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ tí ó pé kò jọ gbígbé oṣù púpọ̀ lórí òun nìkan. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn tí ó ń polówó rẹ̀ lónìí fún sísan-ara-kù mọ ìtàn yìí.

Bí ẹja ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà

Kọ́lájìn ẹja ti wà lọ́jà tipẹ́ kí ó tó di àfikún oúnjẹ. Àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja ni àwọn apọntí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń mú kí ọtí bíà wọn dá. Láti Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ń ra ti ẹja stọ́jọ̀n ní owó ńlá, títí William Murdoch fi rí i ní bí ọdún 1795 pé ẹja cod gbígbẹ lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ìbẹ̀rù ni ó sọ ọ́ di ohun jíjẹ káàkiri. Ní ọdún 1986 ni wọ́n dá àrùn tí ó ń sọ màlúù di wèrè mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1996 sì ni ìjọba ibẹ̀ kéde pé ó ṣeé ṣe kí ó máa ran ènìyàn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń fura sí ohun tí wọ́n bá fi egungun àti awọ màlúù ṣe. Mùsùlùmí àti Júù kò sì ní jẹ ti ẹlẹ́dẹ̀. Awọ, ìpẹ́ àti egungun ẹja tí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹja ń dà nù wá di ohun àmúṣọrọ̀. Kí ó má baà jẹ́ pé orúkọ ń tan ènìyàn jẹ, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn inú òkun jẹ́ ti ẹja ẹpìyà àti irú rẹ̀ tí wọ́n sìn nínú adágún omi. Ẹja náà kò fojú rí òkun rí.

Ohun tí ìwádìí sọ

Àtakò tí ó wọ́pọ̀ ni pé inú ń lọ gbogbo purotéènì kúnná, pé kọ́lájìn tí a jẹ kò lè dé awọ. Àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn ní ọdún 2005 pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń kúnná tán. Wọ́n rí ẹ̀rún rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó jẹ ẹ́, títí kan ti awọ àti ìpẹ́ ẹja. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fún obìnrin 69, ẹni ọdún 35 sí 55, ní kọ́lájìn gíráàmù 2.5 tàbí 5, tàbí lẹ́búlẹ́bú tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Awọ àwọn tí ó mu kọ́lájìn rọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tí àwọn kan kó ìwádìí 19 pọ̀ ní ọdún 2021, tí àwọn tí ó kópa nínú wọn jẹ́ 1,125, èsì rere ni wọ́n rí.

Ṣùgbọ́n ta ni ó sanwó ìwádìí wọ̀nyí? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ní ọdún 2025, àyẹ̀wò mìíràn kó ìwádìí 23 jọ, lórí ènìyàn 1,474. Ní àpapọ̀, awọ dára sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya àwọn tí ilé-iṣẹ́ kò náwó sí sọ́tọ̀, wọn kò rí àǹfààní tí ó ṣeé tọ́ka sí. Bákan náà ni ó rí nínú àwọn tí wọ́n ṣe dáadáa jù lọ. Ní ti oríkèé, EFSA, àjọ ààbò oúnjẹ ilẹ̀ Yúróòpù, ti sọ láti ọdún 2011 pé ẹ̀rí kò tó láti gbà pé kọ́lájìn gígé ń dáàbò bò ó.

Ìpalára tí ó lè ṣe

Ọ̀pọ̀ tí ó ń lò ó kò rí ju inú kíkún, àyà gbígbóná, ìgbẹ́ gbuuru tàbí adùn ẹja tí kì í kúrò lẹ́nu lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ara wọn kọ ẹja yàtọ̀. Òfin Yúróòpù kò béèrè pé kí wọ́n kọ orúkọ ẹja sára bíà tí wọ́n fi àpò afẹ́fẹ́ ẹja mú dá, nítorí ohun tí ó ń kù nínú rẹ̀ kéré jọjọ. Síbí lẹ́búlẹ́bú kún fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ẹja ń mú kí ara rẹ̀ sú, kí ètè rẹ̀ wú tàbí kí èémí rẹ̀ há, kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò láìbi dókítà.

Èkejì ni ti kíndìnrín. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé jẹ́látìn gíráàmù 30 mú kí èròjà tí ó ń jẹ́ oxalate pọ̀ sí i nínú ìtọ̀. Oxalate yìí ni ó ń bá kálísíọ̀mù dì di irú òkúta tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú kíndìnrín. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ agolo kọ pé kí ènìyàn lò lójúmọ́ kò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ní irú òkúta bẹ́ẹ̀ rí, tàbí tí dókítà ti ní kí ó dín purotéènì kù nítorí kíndìnrín rẹ̀, ní láti fi agolo náà han dókítà kí ó tó ṣí i.