Ajáwọlé àti Arọ̀mọ́gi: Bakitéríà Inú Ìfun àti Ìgbẹ́ Gbuuru Ọmọdé Lágbègbè Àfijìó

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ ní Fìdítì tàbí Ìlọrà, kẹ́mísìtì ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń kọ́kọ́ yà sí, Flagyl ni wọ́n sì sábà máa ń rà. Bẹ́ẹ̀, Flagyl kò rí Shigella, Salmonella tàbí E. coli gbé ṣe. Àmébà, Giardia àti bakitéríà tí kì í lo atẹ́gùn ló ń pa. Ẹ má tíì dá ìyá lẹ́bi. Àwa tí à ń kọ̀wé lórí àrùn yìí náà ní ẹ̀bi tiwa: bakitéríà tó ń já wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ajáwọlé, nìkan là ń kà sí ọ̀tá gidi, a sì ń fojú fo arọ̀mọ́gi, èyí tó lẹ̀ mọ́ ara ìfun láìwọlé.

Òótọ́ ni pé ajáwọlé yani lẹ́nu. Shigella kì í gba iwájú wọ sẹ́ẹ̀lì ìfun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà, sẹ́ẹ̀lì M, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa bu díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú ìfun lọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni Shigella ń bá kọjá. Bí ẹ̀ṣọ́ ara bá gbé e mì, Shigella á pa ẹ̀ṣọ́ náà, á jáde, á sì yọ sí sẹ́ẹ̀lì ìfun láti ẹ̀yìn. Ìgbà náà ni yóò fi ẹ̀yà ara rẹ̀ kan tó rí bí abẹ́rẹ́ fún purotéènì sínú sẹ́ẹ̀lì. Purotéènì yìí á da áktìnì, tó gbé ìdúró sẹ́ẹ̀lì ró, rú, títí ara sẹ́ẹ̀lì fi máa wú, tí á yí bakitéríà ká, tí á sì fúnra rẹ̀ gbé e mì. Tó bá ti wọlé tán, á fa àpò tí sẹ́ẹ̀lì fi gbé e mì ya, á wá sọ áktìnì kan náà di ìrù tí yóò máa tì í bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì kejì. Salmonella náà ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpò ló ń fìdí kalẹ̀ sí. Shigella 10 sí 100 péré lè dá àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le dùbúlẹ̀. Ohun tí ìyá lè rí ni ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́.

Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tí kò lẹ́jẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 2000, Iruka Okeke, Adebayo Lamikanra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí jáde lórí E. coli tí wọ́n rí lára àwọn ọmọdé ní Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ọ̀kan tó bá ìgbẹ́ gbuuru rìn níbẹ̀ ni EAEC (enteroaggregative E. coli). Èyí kì í sábà jálẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Okùn tín-ín-tín ló fi ń rọ̀ mọ́ ara ìfun, á to ara rẹ̀ léra bíi búlọ́ọ̀kù, á sì mú kí ara ìfun wú. Ó lè wà nínú ọmọ tí kò ya ìgbẹ́ gbuuru. Síbẹ̀, ìwádìí kan ní Fortaleza, ní Brazil, so ó pọ̀ mọ́ àìdàgbà ọmọ bó ti yẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé ajáwọlé ló ń pani. Kí ó bi àwọn ará Jámánì. EAEC tó ti gba májèlé kan tí wọ́n ń pè ní Shiga ló bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2011, ó lé ní 50 ènìyàn tó kú, láìsí pé bakitéríà náà já wọ sẹ́ẹ̀lì bíi Shigella.

Mi ò sọ pé ká máa fún gbogbo ọmọ ní apakòkòrò o. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi apakòkòrò sí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó tọ́. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìyókù, ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà) àti síǹkì ni, torí pé sẹ́ẹ̀lì ìfun ṣì lè fa iyọ̀ àti ṣúgà wọlé pọ̀, kí omi sì tẹ̀ lé wọn. Ìṣòro tèmi wà ní láàbù. Lórí àwo ìdàgbà lásán, EAEC kò yàtọ̀ sí E. coli tó ń gbé inú wa láìṣèèyàn níbi. Sẹ́ẹ̀lì tí a sìn ní láàbù tàbí PCR, àyẹ̀wò tó ń wá àbùdá rẹ̀, ló lè tú u fó. Okeke kọ ìwé kan lórí àìtó láàbù nílẹ̀ Áfíríkà ní 2011, ó pè é ní Divining Without Seeds. Yunifásítì Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, títì Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn kan náà ló sì so Ìlọrà àti Fìdítì mọ́ ọn. Ìgbẹ́ àwọn ọmọ tó ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò lẹ́jẹ̀, ni kí àwọn ilé ìlera Àfijìó kọ́kọ́ máa fi ránṣẹ́ síbẹ̀ fún àyẹ̀wò.