Mina Shaughnessy àti Ìdí Tí Ó Wà Nínú Àṣìṣe Akẹ́kọ̀ọ́

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Òwe yìí bá iṣẹ́ Mina Shaughnessy mu gan-an. Obìnrin ará Amẹ́ríkà ni, ọdún mọ́kànlá péré ni ó sì fi ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìlú New York, láti 1967 títí di 1978. Ìwé kan ṣoṣo ni ó kọ tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Síbẹ̀, láti ìgbà tí ìwé náà ti jáde, ojú tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àròkọ fi ń wo ìwé tí ó kún fún àṣìṣe ti yí padà. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé olódo ni ẹni tí ó kọ ọ́. Àṣìṣe ní ìdí, ó sì ní ètò tirẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá wá ìdí rẹ̀ kàn ni yóò mọ bí a ti í tún un ṣe.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ní ọdún 1924 ni wọ́n bí i ní Lead, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ South Dakota, níbi tí iṣẹ́ wíwa wúrà ti jẹ́ olórí iṣẹ́ àwọn ará ìlú. Pendo ni orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀. Awakùsà ni bàbá náà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ìyá rẹ̀ ṣe. Ní Yunifásítì Northwestern, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ni ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní 1946. Eré orí ìtàgé ni ọkàn rẹ̀ fà sí nígbà náà, ó sì forí lé ìlú New York láti di òṣèré. Iṣẹ́ náà kò bọ́ sí i fún un. Ó tún padà sí ìdí ìwé, ó sì gba oyè M.A. ní Yunifásítì Columbia ní 1951. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí àti iṣẹ́ olóòtú, tí ó sì ń kọ́ni díẹ̀díẹ̀ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì agbègbè ìlú náà. Kò gba oyè ọ̀mọ̀wé títí ó fi kú.

Bí Ilẹ̀kùn City College Ṣe Ṣí

City College ni ó dàgbà jù nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó para pọ̀ di Yunifásítì Ìlú New York. Ní 1847 ni wọ́n dá a sílẹ̀ kí àwọn ọmọ tálákà lè kàwé láìsan owó. Àdúgbò Harlem, tí ó jẹ́ ibùgbé àwọn aláwọ̀ dúdú, ni ó wà. Ṣùgbọ́n máàkì tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó gba ènìyàn wọlé ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ Harlem fi ń wo ọgbà náà lókèèrè bí ẹni ń wo òṣùpá. Ní àárín àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní SEEK láti mú díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí wọlé àti láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ètò yìí ni Shaughnessy wá ṣiṣẹ́ fún ní 1967. Àwọn akéwì àti òǹkọ̀wé bí Adrienne Rich, Audre Lorde, June Jordan àti Toni Cade Bambara náà kọ́ni nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1969, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Puerto Rico ti ilẹ̀kùn apá kan ọgbà náà pa. Wọ́n ní ó yẹ kí àwọn tí ó wà nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì jọ àwọn tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú náà. Àwọn aláṣẹ gbà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1970, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní New York ni yóò rí àyè nínú ọ̀kan nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì náà.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó rọ́ wọlé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ewì Milton wá ń bá àròkọ tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí pàdé. Àwọn kan ní yunifásítì ti bàjẹ́. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ àwọn ọmọ náà mọ́. Shaughnessy fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà tí ó ṣe pé, nígbà tí òun kọ́kọ́ gba irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀, ńṣe ni òun jókòó tì wọ́n, tí òun kà á, tí òun tún un kà, láìmọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbàajì Àròkọ

Ohun tí ó ya Shaughnessy sọ́tọ̀ ni pé kò kó àwọn ìwé náà dànù. Ó kó nǹkan bí 4,000 àròkọ jọ, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ láàárín 1970 sí 1974, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ìwé rẹ̀, Errors and Expectations, ti jáde ní 1977. Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ọwọ́ ìkọ̀wé àti àmì ìdánudúró, ó dé orí ìhun gbólóhùn, àkọtọ́ àti ọ̀rọ̀, ó sì tún dé orí ìtò èrò nínú odindi àròkọ.

Àpẹẹrẹ kan ni lẹ́tà s nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá fi s kún ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ, ohun tí ó sábà ń fi hàn ni pé nǹkan náà ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n bí s kan náà bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹyọ ẹnì kan ni olùwà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ “the boys walks” ti lè rò pé nígbà tí àwọn ọmọ náà ti pọ̀, ó yẹ kí àmì ọ̀pọ̀ hàn lára ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú. Èrò náà bọ́gbọ́n mu. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn tí ó kọ “he walk” ń tẹ̀lé gírámà ẹ̀ka-èdè tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe kò ti nílò s kankan.

Bákan náà ni ó rí nípa gbólóhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sọ̀rọ̀ ketekete lẹ́nu a máa kọ gbólóhùn tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ìdí rẹ̀ ni pé ó fẹ́ kọ̀wé bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń kọ ọ́. Ó ti gbọ́ ohùn wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ ìhun wọn. Bí ó bá dé àárín gbólóhùn, yóò ti gbàgbé bí ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn kò kọ ju ìlà díẹ̀ lọ. Bírò pupa àwọn olùkọ́ wọn àtijọ́ ti dẹ́rù bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pa á rẹ́. Shaughnessy ní akọ́ṣẹ́ ni irú àwọn ènìyàn báyìí, kò sì sí akọ́ṣẹ́ tí kì í ṣe àṣìṣe.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ fún olùkọ́ kò ṣòroó yé. Kí olùkọ́ kó ọ̀pọ̀ nínú àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan jọ, kí ó to àṣìṣe rẹ̀ ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Kí ó wo ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti gbà á pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó gba nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́fà tí ó ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́rin kì í ṣe aláìmọ̀kan. Kí ó bi í léèrè ìdí tí ó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ sí Àwọn Olùkọ́

Ní ìparí ọdún 1975, ní àpéjọ àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ní San Francisco, ó yí ọ̀rọ̀ padà sí àwọn olùkọ́ fúnra wọn. Ó ní ipele mẹ́rin ni olùkọ́ ń gbà kọjá. Ní ti àkọ́kọ́, yóò dúró bí aṣọ́bodè tí kò fẹ́ kí àjèjì wọ ààfin. Ní ti èkejì, yóò dà bí ajíhìnrere tí ó gbà pé òfìfo ni orí àwọn tí òun ń wàásù fún. Ní ti ẹ̀kẹta, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọn jíjìn omi, yóò máa wo akẹ́kọ̀ọ́ àti ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti ẹ̀kẹrin ni yóò tó bẹ́ sínú odò, tí yóò gbà láti di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọdún yìí kan náà ni ó dá jọ́nà kan sílẹ̀, Journal of Basic Writing. Àṣìṣe ni kókó tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ dá lé.

Ìdààmú àti Ìkú

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Gbèsè wọ ìlú New York lọ́rùn ní 1975. Ní 1976, owó tán nílé débi pé wọ́n ti yunifásítì náà pa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ olùkọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn ni pé ìgbà tí ìwé Shaughnessy máa fi jáde, ètò tí ó bí i ti ń wó. Àìsàn jẹjẹrẹ kọ lu òun náà, ó sì kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1978, ní ẹni ọdún 54.

Àwọn Tí Ó Ta Kò Ó

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gba ti Shaughnessy. Ní 1979, John Rouse kọ̀wé pé gírámà ti gba àyè jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1991, Min-Zhan Lu, tí ó dàgbà ní ilẹ̀ Ṣáínà, gbé ọ̀rọ̀ mìíràn jáde nínú jọ́nà tí Shaughnessy fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Ó ní Shaughnessy sọ̀rọ̀ bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gba èdè yunifásítì láìjẹ́ pé èrò rẹ̀ àti àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀ yí padà. Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí èdè kì í ṣe aṣọ tí ènìyàn kàn ń bọ́ tí ó sì ń wọ òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń ta kò ó pàápàá kò padà sí èrò àtijọ́ pé olódo ni aláṣìṣe. Ibi tí Shaughnessy bá ọ̀rọ̀ dé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn aláṣẹ yunifásítì náà pinnu láti mú irú kíláàsì àtúnkọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ńláńlá wọn, City College sì wà lára wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kọ́ ìgbésí-ayé yìí kan olùkọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ “enia” àti “aiye”, tí ó so “nígbàtí” pọ̀, kò fọwọ́ ara rẹ̀ hùmọ̀ wọn. Inú Bíbélì àti ìwé orin tí wọ́n tẹ̀ kí àkọtọ́ 1974 tó dé ni ó ti rí wọn, ó sì gba ohun tí ojú rẹ̀ rí gbọ́. Olùkọ́ tí ó fa ìlà pupa sí i tí ó sì kọjá lọ ti gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì kọ́ ọ ní nǹkan kan. Èyí tí ó bi í léèrè ibi tí ó ti rí i ni yóò lè ṣàlàyé fún un pé àkọtọ́ méjì ni ó wà níwájú rẹ̀, yóò sì sọ èyí tí ìdánwò ń fẹ́ fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò sílẹ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀: kí ó kó àwọn àròkọ tí wọ́n ti máàkì fún un jọ, kí ó to àṣìṣe inú wọn ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, kí ó sì wá ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.