Ta ló lè gún ẹni tí wọ́n dì mú?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta Dungeons & Dragons, kò sí olè nínú ìwé eré yẹn nígbà tó jáde lọ́dún 1974 o. Greyhawk ló mú un wọlé lọ́dún 1975: ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ ti gún èèyàn.

Òfin ọdún 2000 ló dùn mọ́ mi jù. Tí mo bá dì ọ́ mú bíi gídígbò, o ṣì lè yẹ ọ̀bẹ tèmi, àmọ́ agbára káká lo fi máa yẹ ti olè tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi lò ń wò kẹ̀! Ṣùgbọ́n ìṣirò ẹ̀ ń dá eré dúró.

Lọ́dún 2014, dídìmú kàn ń so ẹsẹ̀ ọ̀tá mọ́lẹ̀ ni. Kí olè tó yọ́ gún un, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣáà wà ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ọ̀tá náà. Tí DM yín bá ní dandan ni kó sá pamọ́ ná, ẹ ní kó ṣí ìwé.