Oríta Aláràbarà: Ìtàn Àwòrán Ojú Títì ní Portland

Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, jẹ́ ìlú tí wọ́n fi okùn wọn ilẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé sí i: àwọn ọ̀nà rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, wọ́n sì dábùú ara wọn bí ojú àwọ̀n. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1785 ló sọ pípín ilẹ̀ ní onígun mẹ́rin di àṣà káàkiri ìhà ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, nítorí pé ó mú kí ilẹ̀ rọrùn láti tà. Ohun tí kò pèsè ni gbàgede, ìyẹn ojúde láàárín àdúgbò níbi tí ènìyàn ti lè jókòó bára wọn tàkúrọ̀sọ. Oríta pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló ni gbogbo wọn.

Mark Lakeman, ayàwòrán ilé, ka àìsí gbàgede yìí sí àléébù ńlá. Ní 1996, òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní àdúgbò Sellwood fi àlòkù pákó àti fèrèsé kọ́ ahéré kan tí wọ́n ti ń mu tíì pọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ajé. Ìjọba ìlú pàṣẹ pé kí wọ́n tú u palẹ̀, ahéré sì lọ, ṣùgbọ́n ìpàdé kò bá a lọ. Wọ́n kó ọ̀dà, wọ́n ya àwòrán ńlá sójú títì níbi tí òpópónà Sherrett ti dábùú ọ̀nà kẹsàn-án, wọ́n gbé ìjókòó, pátákó ìkéde, àpótí ìwé àti ìkòkò tíì sí àwọn igun rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Share-It Square, gbàgede àjọlò. Gẹ́gẹ́ bí àwọn olùdásílẹ̀ ti máa ń ròyìn rẹ̀, èsì tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó ọ̀nà kọ́kọ́ fún wọn ni pé ilẹ̀ gbogbogbòò ni oríta, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lò ó. Èsì náà kò ṣàìpani lẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ ìlú ṣe òfin tó fàyè gba ohun tí wọ́n ń pè ní àtúnṣe oríta, ìyẹn ni pé kí àwọn aládùúgbò fúnra wọn kun oríta wọn, bí ọkọ̀ tí ń gba ibẹ̀ kò bá pọ̀, tí àwọn tí ilé wọn kángun sí i bá sì fọwọ́ sí i. Ó lè dà bí ìdènà lásán, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ìbuwọ́lù yìí ti ṣe ju ọ̀dà lọ, nítorí ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn ẹni tí kò kí rí.

Ní 2001, wọ́n ya òdòdó oòrùn ràgàjì sí oríta mìíràn, Sunnyside Piazza. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń gbé nítòsí rẹ̀ ló ka àdúgbò wọn sí ibi tó dára gan-an láti gbé, nígbà tó jẹ́ ìdá 35 péré ní àdúgbò alámùúlégbè tí kò ní irú rẹ̀.

Ti ààbò àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn pẹ́ kó tó ní ẹ̀rí. Ní 2022, ìwádìí tí àjọ Bloomberg Philanthropies gbé jáde lórí ibi 17 ní Amẹ́ríkà rí i pé ìjàǹbá tó kan ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán síbẹ̀. Ibi 17 kò pọ̀, àríyànjiyàn kò sì tán: àjọ ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ti sọ ní 2013 pé àwòrán aláràbarà láàárín ìlà ìsọdá títì kò bá ìlànà mu. Àwòrán ti Sellwood kò sí láàárín ìlà kankan. Àárín oríta gan-an ló wà, níbi tí táyà ti ń pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí àwọn aládùúgbò sì ń dínà mọ́ ọkọ̀ láti ìgbà dé ìgbà kí wọ́n lè tún un yà, nígbà mìíràn ní ọnà tuntun.