Ẹni Tó Lẹrú, Ẹni Tó Lẹrù: Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nínú Àpilẹ̀kọ Oyè

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù, ìyẹn ni pé ẹni tó ni nǹkan ló ni ohun tó bá rọ̀ mọ́ ọn. Òwe yìí máa ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé lórí Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́nà, nígbà tó bá gba fọ́tò Ẹ̀yọ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan tó sì rò pé ìyọ̀ǹda olórí ẹbí ti tó.

Ẹ̀tọ́ àdàkọ ni àṣẹ tí òfin fún ẹni tó dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti pinnu ẹni tó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tàbí tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì yàtọ̀ sí níní bébà tí iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀. Ẹbí ló ni bébà fọ́tò, wọ́n sì lè kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fojú kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tó yà á ló sábà máa ń ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, àyàfi tó bá ti fi ìwé gbé e fún ẹlòmíràn. Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Herbert Macaulay, tó kọ̀wé ní 1921 láti gbèjà ìdílé Ọba Dòsùmú, kú ní 1946; bí Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022 sì ṣe ń ka 70 ọdún láti ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú, ẹ̀tọ́ náà kò lè kọjá ìparí 2016. Síbẹ̀, Ilé Ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí àwọn ìwé Macaulay wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, lè ní ìlànà tirẹ̀ lórí ṣíṣe ẹ̀dà wọn. Ní ti Cyprian Ekwensi, tó kú ní 2007, ẹ̀tọ́ orí Jagua Nana, ìtàn Èkó tó jáde ní 1961, wà títí di ìparí 2077. Ẹni tó ra ẹ̀dà mẹ́wàá kò rà nínú rẹ̀.

Àwọn kan gbà pé bí a bá ti dárúkọ òǹkọ̀wé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìdárúkọ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn olè. Kì í rọ́pò ìyọ̀ǹda. Lóòótọ́, òfin fàyè gba ìlò tó tọ́ fún ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò àti fún lámèyítọ́, ṣùgbọ́n a ó wo ìdí tí a fi lò ó, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí ohun tí a mú ti pọ̀ tó, àti bóyá yóò ba ọjà oníṣẹ́ jẹ́. Ìṣirò yìí sì máa ń yí padà nígbà tí àpilẹ̀kọ bá di ìwé títà.

Òwe náà kò kúkú purọ́: oníṣẹ́ gan-an ló lẹrú. Nítorí náà, lẹ́tà ìtọrọ-àyè méjì ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, ọ̀kan sí ẹni tí bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì sí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ tàbí àrólé rẹ̀, kó sì ti gba èsì méjèèjì kí àpilẹ̀kọ tó dé iwájú àwọn olùdánwò.