Kí Ló Dé Tí Màmá Àgbà Kò Fi Lè Ka Tábúlẹ́ẹ̀tì?

Bí ẹ bá ń gbọ́ wa nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ rọra jókòó. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ń ka èyí ni, ẹ kọ́kọ́ wo bí lẹ́tà ṣe tóbi tó lójú fóònù yín. Ọ̀rọ̀ yẹn la fẹ́ sọ lónìí.

Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ṣe tíṣà fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n. Nígbà tó pé ọdún 75, bàbá mi àtàwọn àbúrò rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún un. Èmi ni mo fi Bíbélì Yorùbá sí i. Láti ọjọ́ náà, orí ẹsẹ̀ Màmá ni tábúlẹ́ẹ̀tì máa ń wà bí a bá ń gbàdúrà àárọ̀. Àmọ́ Sáàmù mẹ́ta kan náà ló máa ń kà fún wa. A tiẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àfi ìgbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo jókòó tì í. Ó ń ka Sáàmù 121 lọ geere, mo wá yọjú wo ohun tó wà níwájú rẹ̀: ìwé Róòmù ló ṣí sílẹ̀! Màmá ò rí nǹkan kan kà. Ohun tó ti há sórí láti kékeré ló ń kà fún wa, ó sì ti lé ní oṣù mẹ́jọ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni, ẹ rántí. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

N kò sọ fún ẹnì kankan. Lọ́sàn-án, mo ní kó jẹ́ kí n bá a nu ojú tábúlẹ́ẹ̀tì náà, mo ṣí Settings, mo tan dark mode, torí pé òun lèmi náà ń lò. Màmá wò ó, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó sì rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìtàn yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àwọ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́, ojú wọn dúdú, lẹ́tà wọn sì ní àwọ̀ ewé. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó tó rò ó pé èyí ló tu ojú lára. Bí gíláàsì wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ibi tí agbára iná bá bà nìkan ló ń tàn, ìyókù á ṣókùnkùn. Ní 1973, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní California, ṣe kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Alto. Ojú rẹ̀ dúró lóròó bí ìwé, ó funfun, lẹ́tà rẹ̀ dúdú, torí pé bébà gan-an ni wọ́n fẹ́ kó jọ. Macintosh ti 1984 gbé irú ojú funfun bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aráàlú, funfun sì ló gbòde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tó di 2019, iOS 13 àti Android 10 dá dúdú padà, àwa ọ̀dọ́ sì gbá a mú bí ẹni pé àwa la dá a sílẹ̀.

Àṣé àwọn olùwádìí ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2013, àwọn kan ní Düsseldorf, ní Jámánì, dán an wò lára ọ̀dọ́ àti àgbà, wọ́n sì rí i pé lẹ́tà dúdú lórí funfun ló rọrùn fún tọ̀tún tòsì wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, ihò dúdú tó wà láàárín ẹyinjú á sún kì, ohun téèyàn ń wò á sì mú ṣáṣá. Mo ní ó tán. Mo dá ti Màmá padà sí funfun, mo tún fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Màmá ní ó ń gún òun lójú.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Gordon Legge ní Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà. Ní 1985, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí nípa bí àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa ṣe ń kàwé. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tí nǹkan bíi kùrukùru ti bo ẹyinjú wọn máa ń kàwé dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí lẹ́tà bá funfun tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúdú. Bí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ bá wọ inú kùrukùru náà, ńṣe ló máa ń tú ká, á sì pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ẹ wo iná mọ́tò tó kọjú sí yín nígbà tí ọyẹ́ bá mú. Mo ka èyí tán, mo pe bàbá mi. A gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn ojú, dókítà sì sọ fún wa pé kùrukùru ti ń bo ojú rẹ̀ méjèèjì, pé wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ ló fà á o. Ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n máa ń tò fún iṣẹ́ abẹ náà gùn, Màmá sì fẹ́ máa kàwé.

Dúdú náà ló yẹ ẹ́, nígbà náà. Kí ló wá dé tí kò fi rí nǹkan kan kà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo tan án? Lẹ́tà náà kéré, ó sì tún tín-ín-rín.

Ọ̀rọ̀ kí lẹ́tà tóbi tó ojú àgbà ti pẹ́ láyé. Ní 1306, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Giordano da Rivalto wàásù ní Florence pé kò tíì tó ogún ọdún tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń ṣe awò ojú. Ní 1964, Frederick Thorpe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé iṣẹ́ Ulverscroft sílẹ̀ láti máa tẹ ìwé onílẹ́tà ńlá fún àwọn tí ojú wọn ti ń rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Apple gbé iOS 7 jáde ní 2013, lẹ́tà tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn ni wọ́n kó wá, torí pé ó rẹwà. Ariwo sọ. Inú iOS 7 yẹn náà ni wọ́n fi bọ́tìnnì Bold Text sí. Ní tèmi, ọ̀dọ́ tí ojú rẹ̀ mú ló ń pinnu bí lẹ́tà ṣe máa rí, àgbà ló sì ń lọ wá bọ́tìnnì ibi tí wọ́n fi pa mọ́ sí. Ní 2023 ni Android 14 tó jẹ́ kéèyàn lè fẹ lẹ́tà dé ìlọ́po méjì.

Mo fẹ lẹ́tà Màmá, mo sọ ọ́ di kíki. Ìgbà yẹn ni wàhálà tiwa gan-an wá jáde.

Ẹ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ àti òkè lẹ́tà ni ọ̀rọ̀ Yorùbá ń gbé. Ẹrú, ẹrù, ẹ̀rù, èrú: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú Bíbélì, bẹ́ẹ̀ àmì lásán ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn ìyá àti bàbá ńlá wa bá àmì yìí jà. Samuel Àjàyí Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú CMS kọ̀wé síra wọn, wọ́n bá ara wọn jiyàn lórí bí a ó ṣe ya e sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ, kí ìpàdé kan tó wáyé ní Èkó ní 1875 láti fẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná. Odidi Bíbélì jáde ní 1884. Táípù wá dé, kò ní àmì abẹ́. Àwọn akọ̀wé á tẹ ìwé tán, wọ́n á wá fi bírò to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó kan kọ̀ǹpútà, oríire kan bá wa. Nínú Unicode, ìyẹn ìwé ìkà tó fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, torí pé àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n. Àmọ́ Vietnam kò ní ẹ́, kò ní ọ̀. Àwọn tiwa wọ̀nyẹn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo; ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú ẹ, kó wá gbé àmì lé e lórí. Fọ́ńtì tí kò bá mọ ibi tí àmì ń jókòó sí á gbé e lé lẹ́tà kejì, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ náà ń dá kún un. iPad àkọ́kọ́ ti 2010 ní píksẹ́lì 132 nínú ínǹṣì kan. Ti 2012 ní 264. Ibi tí píksẹ́lì kan ṣoṣo ń gbà tẹ́lẹ̀ wá gba mẹ́rin. Fún ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ẹwà nìyẹn. Fún wa, òun ni kí àmì abẹ́ ọ jẹ́ àmì, kó má jọ ìdọ̀tí.

Nínú áàpù tí mo kọ́kọ́ fi sí tábúlẹ́ẹ̀tì Màmá, àyè àárín ìlà kò fẹ̀ bí lẹ́tà ṣe ń fẹ̀. Bí mo ṣe ń fẹ lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni ìlà ìsàlẹ̀ ń gé àmì abẹ́ lẹ́sẹ̀, tí tòkè sì ń gé àmì ohùn lórí. Lẹ́tà ńlá, ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ti di nǹkan míì. Màmá tọ́ka sí ọ̀kan, ó ní, "Ta ló kọ eléyìí báyìí? Màá fún un ní òdo." Mo yọ áàpù náà, mo wá òmíràn tó jẹ́ kí n fẹ àyè àárín ìlà, mo yan fọ́ńtì Noto tó mọ ibi tí àmì ń gbé, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ sí dúdú, lẹ́tà funfun, kíki. Ìlà mẹ́sàn-án péré ló gbà lójú ìwé kan. Kò dùn ún wò rárá, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọnà bíi tèmi á sunkún.

Mo gbé e fún un lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, n kò sọ nǹkan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ní kí a ṣí Nehemáyà orí 7, ibi tí wọ́n to orúkọ sí látòkè délẹ̀. Ó kà á látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fo orúkọ kan. Ẹ̀kọ tútù ni gbogbo wa jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà.